Kámẹ́rà Àfọwọ́yí Olówó Gọbọi ní Parakou: Irinṣẹ́ ni àbí Ohun Afẹ́?

Kámẹ́rà àfọwọ́yí ni èyí tí kì í bá ẹni tó mú un dání ronú. Onífọ́tò fúnra rẹ̀ ni yóò yí lẹ́ǹsì títí ojú ẹni tó fẹ́ yà yóò fi mọ́ kedere, òun ni yóò pinnu bí ihò inú lẹ́ǹsì yóò ṣe fẹ̀ tó, òun náà ni yóò sì yan bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó lórí fíìmù. Bí ó bá ṣi ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ kò sì ní kìlọ̀ fún un. Púpọ̀ nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Zenit àti Lubitel ti Soviet wà níbẹ̀, Seagull ti Shanghai wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Pentax K1000 ti Jàpáànù tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997. Àwọn tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá inú wọn: Leica ti Jámánì tó jáde ní 1925, Rolleiflex tí ilé-iṣẹ́ Franke àti Heidecke gbé jáde ní Braunschweig ní 1929, àti Hasselblad 500C ti Sweden tó dé ní 1957. Iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Zenit lọ. Bí iṣẹ́ ọwọ́ inú wọn ṣe péye tó, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ láyé tó àti orúkọ tí wọ́n gbé dání ni owó ń bá lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí lóde òní. Àwọn kan jẹ́ ògbólógbòó kámẹ́rà fíìmù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí iná, tó jẹ́ pé ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á. Àwọn kejì jẹ́ kámẹ́rà díjítà tuntun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìrísí àti ìlò àtijọ́ sí. Leica M11 ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ nínú àwọn kejì: ó lè yan bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ló lè mú kí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹni tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí yóò kàn máa jiyàn lásán, nítorí ohun tó ń gbe ọ̀kan kì í ṣe ohun tó ń gbe èkejì.

Nígbà tí M11 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022, 8350 yúrò ni wọ́n ń ta ara rẹ̀ ní Jámánì, lẹ́ǹsì kò sí níbẹ̀. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, nítorí náà iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ sẹ́fà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀, orílẹ̀-èdè tí Parakou wà, là sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí, tí kò jẹun, tí kò san owó ilé, yóò kó owó oṣù rẹ̀ jọ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó lè ra ara kámẹ́rà náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún wá owó lẹ́ǹsì, èyí tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò mìíràn, àti owó orí ọjà ti ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 kan náà, wọ́n ta Leica àfidánwò kan tó ti wà láti ọdún 1923 ní gbàǹjo ní Wetzlar ní Jámánì ní mílíọ̀nù 14.4 yúrò, nítorí pé Oskar Barnack tó dá Leica sílẹ̀ ló ni ín. Ó dájú pé ẹni tó rà á kò rà á láti fi ya ìkómọjáde.

Iye yìí nìkan kò tó láti parí ọ̀rọ̀. Bí ọjà bá wọ́n, tí ó sì ń pa owó rẹ̀ wọlé padà, irinṣẹ́ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Parakou lọ sí Malanville wọ́n ju Leica lọ, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ohun afẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi léèrè ni pé ta ni yóò sanwó àwòrán náà, èló ni yóò san, ta ni yóò sì tún kámẹ́rà náà ṣe bí ó bá kọṣẹ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ti yí padà pátápátá láàárín àádọ́ta ọdún sẹ́yìn àti ìsinsìnyí.

Ní àkókò tí iṣẹ́ fọ́tò gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti bí ọdún 1940 títí dé 1980, irinṣẹ́ ni kámẹ́rà àfọwọ́yí, olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú. Kò sí òmíràn. Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò rẹ̀ ní Bamako ní 1948, lo kámẹ́rà onígi ńlá tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Ó sábà máa ń ya oníbàárà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí fíìmù wọ́n, yóò sì tẹ nẹ́gátíìfù náà mọ́ bébà bó ṣe rí láìfi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ńlá. Sanlé Sory, tó ṣí Volta Photo ní Bobo-Dioulasso ní 1960, Rolleiflex ló fi ya àwọn ọ̀dọ́ ìlú rẹ̀. Ní Korhogo, ìlú àríwá Côte d'Ivoire tó bá Parakou mu ní ọ̀nà púpọ̀, ọmọ Kpalimé ní Tógò kan, Cornélius Yao Azaglo Augustt, ṣí Studio du Nord ní 1958, ó sì máa ń gba abúlé dé abúlé ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Káàdì yẹn ni oúnjẹ onífọ́tò ìgbà náà: ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn ní in, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè ní in láìjókòó níwájú kámẹ́rà ẹnìkan.

Ọwọ́ àwọn Yorùbá ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà. Ìwé tí Érika Nimis gbé jáde ní 2005 dá lórí èyí gan-an, bí àwọn onífọ́tò Yorùbá ṣe tẹ̀ lé ọ̀nà òwò àti ti ẹbí kúrò ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì dá sítúdíò sílẹ̀ káàkiri àwọn ìlú tó yí i ká. Àwọn kan nínú wọn wà lára àwọn tí àṣẹ ìjọba Gánà lé kúrò ní oṣù kọkànlá 1969. Parakou wà lójú ọ̀nà irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú irin tó ti Kùtọnu wá, kìlómítà 438, parí sí láti 1936. Ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ sílẹ̀ nígbà náà kúrò nínú rélùwéè sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Niamey, níbi tí ọmọ Kùtọnu kan, Philippe Koudjina, ti di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí fọ́tò. Ìlú tí Bàrìbá, Nàgó, Dendi àti Haúsá jọ ń gbé, tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń wọlé tí wọ́n ń jáde, kò lè ṣàìní iṣẹ́ fún ẹni tó mọ kámẹ́rà lò.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà bá àṣà iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá mu. Ọmọ iṣẹ́ yóò gbálẹ̀ sítúdíò, yóò pọn omi, yóò fọ bébà, yóò sì po oògùn inú yàrá òkùnkùn fún ọ̀gá kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan kámẹ́rà. Nígbà tó bá gba òmìnira, ohun tó máa ń ṣòro fún un jù ni bí yóò ṣe ra kámẹ́rà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Brownie ti Kodak tàbí Lubitel, wọ́n sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ dé Yashica, níkẹyìn Rolleiflex bí owó bá wà. Ohun ọlá ni Rolleiflex, àmọ́ ọlá tó ń ṣiṣẹ́ ni: lẹ́ǹsì Zeiss inú rẹ̀ mú àwòrán mọ́ títí dé etí ojú fíìmù, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún láìkọṣẹ́. Leica kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sítúdíò. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ kéré, ó pọn dandan kí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ńlá, èyí tó ń fẹ́ iná. Kámẹ́rà oníròyìn àti arìnrìn-àjò ni.

Ó yẹ kí wọ́n wo Rolleiflex sún mọ́ díẹ̀. Lẹ́ǹsì méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì: ti òkè fún wíwò, ti ìsàlẹ̀ fún yíyà. Onífọ́tò kì í gbé e sójú. Ìpele ikùn ló máa ń gbé e sí, yóò sì tẹrí ba wo gíláàsì kékeré tó wà lókè rẹ̀, níbi tí àwòrán ti yí padà: ẹni tó dúró lápá ọ̀tún yóò hàn ní òsì. Ẹni tí wọ́n ń yà á máa rí ojú onífọ́tò, kì í ṣe irin dúdú tó bò ó lójú. Ní àwùjọ tí títẹríba fún àgbà jẹ́ ìwà ọmọlúàbí, onífọ́tò tó tẹrí ba níwájú baálé tó wọ agbádá kò ṣe ohun tó burú lójú ẹnikẹ́ni. Fíìmù rẹ̀ ń gba àwòrán 12 péré. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yí apá kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fa fíìmù síwájú, wọ́n á tún dá apá náà padà.

Pierre Verger lò ó ní irú ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Faransé ni, ó ra Rolleiflex àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1932, ó dé Dàhòmì, orúkọ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ní 1948, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu ní 1953, ó fi di Fatumbi. Nẹ́gátíìfù tó fi sílẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú ní Salvador ní Bùràsíìlì, lé ní 60,000. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ pé nǹkan eré ni kámẹ́rà tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, Verger kò gbẹ́kẹ̀ lé oníbàárà tó ń fẹ́ fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀la. Ìwé ìròyìn àti owó ìwádìí ló gbọ́ bùkátà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ti onífọ́tò Parakou kò rí bákan náà bí kámẹ́rà wọn tilẹ̀ jọra.

Ìdí tí kámẹ́rà àfọwọ́yí fi bá ìlú bíi Parakou mu nígbà náà kò ṣòro láti rí. Kò béèrè iná. Oòrùn ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, oòrùn sì wà lọ́pọ̀ yanturu: ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú fíìmù ISO 100, onífọ́tò tó gbé ihò lẹ́ǹsì sí 16, tó sì gbé ìyára sí ìdá 125 ìṣẹ́jú àáyá kan, kò nílò ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ọ̀gá á ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní èyí. Bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, yóò ṣí ihò náà sí 11 tàbí 8. Àwòrán tí ọwọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ tún fún wọn láyè láti dá àrà nínú yàrá òkùnkùn. Stephen Sprague, tó kọ nípa àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú: èyí tó wà láàyè ni wọ́n máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó kọ́ wọn ní èyí.

Àtúnṣe náà wà nítòsí. Irin, sípíríìngì àti jíà ló wà nínú kámẹ́rà àfọwọ́yí, ẹni tó bá ti ń tú aago mọ̀ ọ́n díẹ̀. Malick Sidibé ti Bamako, tó gba ẹ̀bùn Hasselblad ní 2003 fún àwòrán rẹ̀, jẹ́ atúnkámẹ́ràṣe pẹ̀lú, pẹpẹ sítúdíò rẹ̀ sì kún fún ògbólógbòó kámẹ́rà tí àwọn ènìyàn gbé wá. Kámẹ́rà tí ìdí rẹ̀ kò ju irin lọ máa ń ní ẹ̀yà ara láti inú òkú kámẹ́rà mìíràn. Èyí ló mú kí Rolleiflex kan ṣiṣẹ́ fún bàbá àti ọmọ.

Ojú ọjọ́ kò ṣàìbá wọn jà, ohun tí àwọn tó ń yin irú kámẹ́rà yìí máa ń fò dá nìyí. Iyanrìn ọyẹ́ tó bá wọ ibi tí fíìmù ń gbà yóò ha á láti orí dé ìdí, ìlà kan yóò sì ta sórí gbogbo àwòrán náà nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ní àsìkò òjò, ewú ń hù sí inú lẹ́ǹsì bí òwú aláǹtakùn, ó sì lè jẹ gíláàsì náà tí kò ní mọ́ mọ́. Òróró inú ṣọ́tà, ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún ìmọ́lẹ̀ tó sì ń tì í, máa ń di gọ̀ọ̀, ìyára tó lọ́ra yóò sì wá di èyí tó lọ́ra jù. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù wà ní dídára rẹ̀ ní ooru 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ omi Parakou ní oṣù kẹta, tí ooru ọ̀sán ń kọjá 35, gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àfi kí wọ́n fi yìnyín sí i, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lóru, nítorí nínú omi gbígbóná ohun tó bo fíìmù yóò rọ̀, yóò sì ṣí kúrò. Leica ní àléébù tirẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò ni ṣọ́tà rẹ̀ àtijọ́, láti M3 ti 1954 títí kọjá M6 ti 1984. Bí wọ́n bá gbàgbé láti bo lẹ́ǹsì rẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì dojú kọ oòrùn, oòrùn yóò jó aṣọ náà lu, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe ń fi gíláàsì jó ewé. Nítorí pé ojú wíwò rẹ̀ kì í gba inú lẹ́ǹsì, onífọ́tò tó gbàgbé ìdérí náà sórí rẹ̀ lè ya gbogbo àwòrán 36 inú fíìmù kan kó má rí ohunkóhun níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló fọ́ ipò irinṣẹ́ yìí mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi kámẹ́rà. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fọ fíìmù aláwọ̀ láàárín wákàtí kan wọlé ní ẹ̀wádún 1980 àti 1990, ọwọ́ onífọ́tò kúrò nínú yàrá òkùnkùn, iṣẹ́ tó ti ń gba lọ́wọ́ oníbàárà di ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni oṣù kìíní 1994, tí wọ́n já iye sẹ́fà sí ìdajì: fráǹkì Faransé kan tó ti ń gba 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀ wá ń gba 100. Fíìmù, bébà, oògùn, gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè ni, owó rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan. Díjítà ló gba èyí tó kù. Kodak, orúkọ tí ó ti di orúkọ iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ìdílé, lọ sọ ní kóòtù ní oṣù kìíní 2012 pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Àwòrán ìdánimọ̀ pàápàá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà ètò LÉPI, ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò tó ṣáájú ìdìbò 2011, àti RAVIP, ìkànìyàn fún ìdánimọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ló ya ojú ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, sítúdíò kò sì rí sẹ́fà kan níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù fún onífọ́tò Parakou lónìí, ayẹyẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìgbòmìnira, òkú àgbà, oyè. Wọ́n fẹ́ fọ́tò, wọ́n fẹ́ fídíò, wọ́n sì fẹ́ kí ó ti wọ WhatsApp kí àlejò tó kúrò nílé. Lálẹ́, lábẹ́ iná tó ń pàwọ̀dà, ìyàwó ń jó, owó ń fò, àwọn ìyá ọkọ ń wọlé láti ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ yí lẹ́ǹsì kí ó bá eléyìí dọ́gba fún wákàtí márùn-ún láìṣi ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Kámẹ́rà Canon tàbí Sony tó ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin Leica, ni irinṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ ní ìlú Nikki nígbà ọdún Gàní, bí àwọn ẹlẹ́ṣin Bàrìbá bá ń sáré kọjá níwájú ọba: ìran yẹn ń fẹ́ lẹ́ǹsì gígùn, bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì gígùn ni Leica M kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa, nítorí bí lẹ́ǹsì bá ti ń gùn ni ojú wíwò rẹ̀ ń dín ìwúlò kù. Ní ti àwọn tí kò fẹ́ ju ìrántí lọ, fóònù Tecno tàbí Itel ti tó wọn.

Àwọn olùfẹ́ kámẹ́rà àfọwọ́yí ní àwíjàre mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ó ń kọ́ni ní sùúrù, pé ẹni tí àwòrán 12 péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ronú kó tó tẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n Seagull tàbí K1000 ń kọ́ni ní sùúrù kan náà. Ẹ̀kọ́ kì í gùn sí i nítorí pé orúkọ Jámánì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń pẹ́. Òtítọ́ ni fún ti irin: M3 ti 1954 ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe òtítọ́ fún díjítà, tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ ní ọjọ́ orí bíi ti gbogbo ẹ̀rọ ìgbàlódé, tó sì jẹ́ pé Wetzlar ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Parakou yóò san owó gbígbé lọ, owó àtúnṣe, àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà tó bá ń bọ̀. Wọ́n tún ní ó ń mú owó rẹ̀ lọ́wọ́, pé ẹni tó bá rà á lónìí yóò tà á lọ́la láìpàdánù púpọ̀. Ní Paris tàbí London, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjà Arzèkè ní Parakou kò ní ẹni tó ń fi mílíọ̀nù ra kámẹ́rà àlòkù, ohun tí kò sì sí oníbàárà rẹ̀ nítòsí kò lè jẹ́ owó ìpamọ́ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lálẹ́.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí kámẹ́rà yìí ṣì jẹ́ irinṣẹ́ fún, Bẹ̀nẹ̀ gan-an sì ní àpẹẹrẹ tó dára. Leonce Raphael Agbodjelou, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1965, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Joseph Moïse Agbodjelou, onífọ́tò tó gbajúmọ̀ ní ìlú náà. Kámẹ́rà fíìmù tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ tóbi àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló fi ń ya àwọn ará ìlú rẹ̀ nínú aṣọ wọn, àwọn eégún pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹni tó wà nínú fọ́tò náà ló ń sanwó rẹ̀. Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní London àti àwọn tó ń ra àwòrán ńlá sí ara ògiri ló ń san án, àwọn wọ̀nyí sì fẹ́ kí àwòrán náà mọ́ nígbà tí ó bá tóbi tó ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni fíìmù ńlá ti ń pa owó rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń ya ògbólógbòó ilé tàbí ìwé àtijọ́ fún ilé ìpamọ́, àti olùkọ́ tó fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lóye bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di àwòrán. Iye wọn kò pọ̀.

Fún onífọ́tò Parakou yòókù, kámẹ́rà àfọwọ́yí olówó gọbọi jẹ́ ohun afẹ́, kò sì sí ìtìjú nínú pípè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ra aṣọ òkè, wọ́n ń ra ẹṣin, wọ́n ń ra ọtí ìlú òyìnbó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń burú ni bí wọ́n bá fi owó sítúdíò rà á, tàbí tí wọ́n yá owó lé e lórí, pẹ̀lú ìrètí pé orúkọ ara rẹ̀ yóò fa oníbàárà wá. Oníbàárà kì í wo orúkọ kámẹ́rà. Ojú ara rẹ̀ ló ń wò nínú fọ́tò.

Ẹni tó bá fẹ́ adùn ọwọ́ láìjẹ gbèsè ní ọ̀nà àárín. Nikon FM2, tó jáde ní 1982, ní ṣọ́tà irin tó ń dé ìdá 4000 ìṣẹ́jú àáyá, bátìrì rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí bátìrì bá kú, kámẹ́rà náà ń bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́ǹsì àtijọ́ rẹ̀ tún ṣeé fi òrùka kékeré kan so mọ́ kámẹ́rà Sony ti ìsinsìnyí, tí onífọ́tò yóò fi rí lẹ́ǹsì rere lówó pọ́ọ́kú. Nígbà rírà àlòkù, kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n gbé ihò lẹ́ǹsì sí èyí tó fẹ̀ jù, kí wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀: ewú yóò hàn bí òwú, eruku bí ààmì kéékèèké tí kò ṣe nǹkan. Kí wọ́n gbọ́ ìyára ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá dúró sọ́nà tàbí tí ó lọ́ra ju bó ti yẹ lọ, òróró ti di nínú rẹ̀. Kí wọ́n yí lẹ́ǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iyanrìn ń ha nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Leica aláṣọ ni, kí wọ́n gbé ṣọ́tà náà sí oòrùn láti ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, lẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ sí níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́ láti inú aṣọ náà. Bí ó bá ń yọ, owó pípààrọ̀ aṣọ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí olùtà ń pè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.